Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olóyè Ẹgbẹ́ Wa: Oṣù Mẹ́fà Kò Tó Kọ́ Ọmọ ní Ẹ̀rọ Ìgégi

Sí Alága, Akọ̀wé, Akápò àti gbogbo ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ àwa agégi ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Kò sí ọ̀kan nínú yín tí mi ò lè dọ̀bálẹ̀ kí. Àwọn kan nínú yín ló fi bí wọ́n ṣe ń mú fáìlì tí a fi ń pọ́n eyín ẹ̀rọ dání hàn mí, ẹ sì mọ̀ pé mi ò kì í ṣe aláriwo nípàdé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú gbogbo ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n ní kí n jókòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ náà ni ìpinnu tí ẹ kà sí wa létí lóṣù tó kọjá: pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá ti lo oṣù mẹ́fà, tó sì rí owó ìwé ẹ̀rí san, kó gba fírídọ́ọ̀mù, kó máa dá gbé ẹ̀rọ wọgbó. Ọdún méjì la fi ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ àlàyé yín. Ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ ò ní sùúrù mọ́, pé bí a bá dárúkọ ọdún méjì fún wọn, ọ̀kadà ni wọ́n ń lọ gùn, ẹgbẹ́ sì ń rù. Òótọ́ ni, wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo rí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí gbogbo ẹni tó bá ń kà á lè mọ ohun tí a fẹ́ fi ọmọ wọn sí.

1. Ẹ rántí ọmọ tí ẹ̀rọ fò mọ́.

Ẹ ò lè tíì gbàgbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni, lóko kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ọmọ ọdún 19 ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn ló ti kọ́ṣẹ́, oṣù márùn-ún péré, wọ́n dá a sílẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ gba iṣẹ́ igi apá kan tó ti wó, a fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀ kúrò ká tó là á sí pákó. Mo wà nídìí igi, òun wà lápá orí. Ó ń gé ẹ̀ka kan, kò rí i pé orí báà, irin gígùn tí ṣéènì eléyín ń yí lára rẹ̀, ti fẹ́ kan ẹ̀ka mìíràn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí n tó gbójú sókè, ẹ̀rọ ti fò padà, ó ti wọ èjìká òsì rẹ̀ dé ìdí ọrùn.

Ẹ̀wù mi ni mo bọ́ tí mo fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà. Nínú àwa márùn-ún, kò sí ẹni tó ní ohun tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀kadà la fi gbé e, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi ò sì kúrò lójú ọgbẹ́ náà títí a fi wọ ìlú. Orí bá a ṣe é, ó yè. Ṣùgbọ́n títí dòní, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò lè di ife omi mú. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹ̀fọ́ ló tún padà ń bọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ wá kí wọn, àwọn kan nínú yín ní àyànmọ́ ni. Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà mi, kì í ṣe àyànmọ́. Ibì kan wà lára báà tí kò gbọdọ̀ kan igi nígbà tí ṣéènì bá ń sáré: ìlàjì òkè níbi orí rẹ̀ tó ṣe róbótó. Bí ibẹ̀ bá kan igi, eyín ò ní ráyè gé, á há. Gbogbo agbára tí ẹ́ńjìnnì ń fi fa ṣéènì á wá ti ẹ̀rọ náà sókè àti sẹ́yìn, sí ojú àti ọrùn ẹni tó dì í mú. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣéènì ń sáré tó nǹkan bíi 20 mítà. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ á rí i kó tó wá ronú ibi tó máa yà sí. Ohun tó ń yọ ènìyàn ni pé kí ara ti wà níbi tó yẹ tẹ́lẹ̀: ọwọ́ òsì di irin ìdìmú iwájú mú, àtàǹpàkò yí irin náà ká pátápátá, apá òsì nà gbọnrangandan, orí àti ọrùn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò lójú ọ̀nà báà.

Gbogbo èyí ni ọmọ náà mọ̀. Ó kà á fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́sibítù, kò fo ẹyọ kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọdún méjì wà fún nìyẹn.

2. Ẹ̀rọ tó ṣe é léṣe kò ní bíréèkì.

Ohun tó dúró níwájú ọwọ́ òsì lára ẹ̀rọ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé torí kí ẹ̀ka má baà gún wa lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ó ń ṣe ìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló ń tẹ bíréèkì. Bí ẹ̀rọ bá fò, ẹ̀yìn ọwọ́ á tì í síwájú, tàbí kí ìfò náà fúnra rẹ̀ tì í, ṣéènì á sì dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgégi ní Jámánì àti Sweden ti ń fi bíréèkì yìí sára ẹ̀rọ wọn. Ó ti lé ní 50 ọdún. Síbẹ̀ àwọn ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ tí kò ní in ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, nítorí pé wọ́n lágbára láti la igi líle. Àwọn mìíràn ní in, a sì tú u dànù torí a ní ó ń dí wa lọ́wọ́. Èmi náà ti tú u rí, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi lo ẹ̀rọ náà bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí, torí ojú mi ni àwọn ọmọ ń wò.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú méjì. Gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, tan án, jẹ́ kó sáré, kí o fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ti bíréèkì síwájú. Kíá ni ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró. Bí ó bá ṣì ń yí, ẹ̀rọ náà ò gbọdọ̀ wọgbó lọ́jọ́ náà. Mélòó nínú ẹ̀rọ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló máa yege? Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn.

3. Pípọ́n ṣéènì àti ìtọ́jú ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ewu tí ojú kì í tètè rí pọ̀ sí. Ẹ bi ọmọ oṣù mẹ́fà bóyá ṣéènì rẹ̀ mú, á ní ó mú. Ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ẹ wo ohun tó ń já bọ́ nídìí igi. Ṣéènì tó mú ń ta èérún igi jáde ní ègé ègé bí èékánná. Èyí tó ti kú ń lọ igi kúnná bí èlùbọ́. Bó bá ti ń lọ̀ ọ́ bí èlùbọ́, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ara tẹ ẹ̀rọ mọ́ igi, ẹ̀yìn á máa ro ó, apá á rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ti rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fò mọ́.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Joseph Cox, agégi bíi tiwa ni. Lọ́dún 1946, ó rí ìdin kan tó ń jẹ inú igi lọ ní ìrọ̀rùn, ó wò ó títí, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ń gé lọ sọ́tùn-ún, ó ń gé bọ̀ sósì. Ohun tó rí yẹn ló fi ṣe irú eyín tó wà lára ṣéènì gbogbo wa lónìí, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Ìdí nìyẹn tí iye ìgbà tí a bá fa fáìlì lára ti ọ̀tún fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí a ó fà lára ti òsì. Bí apá kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ̀rọ á máa ya bàrá, pákó á wọ́. Fáìlì náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: ṣéènì kan ń gba 4.8 mílímítà, òmíràn ń gba 5.2, ti ẹ̀rọ ńlá ń gba 5.5. Mo ti rí ọmọ tó gba fírídọ́ọ̀mù tó ń fi fáìlì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń pọ́n àdá pọ́n eyín ṣéènì.

Èyí tó burú jù ni ti irin kékeré tó wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, tó ń díwọ̀n bí eyín ṣe máa bu igi tó. Fún ọ̀pọ̀ ṣéènì, ohun tí irin náà fi rẹlẹ̀ ju eyín lọ kò ju nǹkan bíi 0.65 mílímítà lọ. Ó tín-ín-rín ju káàdì tí a fi ń gbowó ní báńkì lọ. Bí a bá ti ń pọ́n eyín léraléra, irin yẹn á ga jù, ẹ̀rọ ò ní jẹ igi dáadáa mọ́. Ọmọ tí kò mọṣẹ́ á fi fáìlì rẹ́ ẹ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, inú rẹ̀ á sì dùn pé ẹ̀rọ òun ti ń bu igi wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Kò mọ̀ pé òun ti fi ọwọ́ ara òun sọ ẹ̀rọ di èyí tó rọrùn fún láti fò. Ọwọ́ àti ojú ló ń mọ ìwọ̀n yìí, lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti pọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣéènì lójú ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà wà níbẹ̀. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì fà kúrò nínú mọ́tò la ń rọ sínú ẹ̀rọ láti fi rọ báà, torí pé ọ̀fẹ́ ni tàbí owó pọ́ọ́kú. Ọ́ìlì náà ti gbó, kì í lẹ̀ mọ́ ṣéènì mọ́, ìdọ̀tí irin wà nínú rẹ̀, ó ń ba báà àti pọ́ǹpù jẹ́. Èyí tó kan ara wa ni pé ṣéènì ń tú u sí wa lójú, sí wa lọ́wọ́, láti àárọ̀ dalẹ́, irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ sì lè fa jẹjẹrẹ bí ó bá ń kan ara lójoojúmọ́. Ọ́ìlì tuntun ni kí a máa rà.

Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n jù mí lọ: kí ṣéènì fara mọ́ ìsàlẹ̀ báà, kí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ ṣì lè fà á yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí a máa yí báà dojú bolẹ̀ kí apá kan má baà jẹ tán, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù ká tó da bẹntiróòlù sí i, ká sì gbé e tó mítà mẹ́ta kúrò níbi tí a ti da epo ká tó fà á. Àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà ń da epo sí ẹ̀rọ gbígbóná. Mo ti rí i.

Ohun kan tún wà tí ìpinnu yín kò rò. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù kẹrin á ti gba òmìnira lóṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé. Kò tíì rí bí eruku ọyẹ́ ṣe ń dí asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mí afẹ́fẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, kò tíì gé igi tó gbẹ gan-an rí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá kò ní tíì dúró lórí ilẹ̀ tó rọ̀ lábẹ́ òjò, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ tí ẹ̀rọ ń bú ramúramù lọ́wọ́.

4. Igi tó dúró kì í dárí ji ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìtàn fi yé wa pé ìdí igi Àjàgbọn ni Ògúnlọlá tẹ̀dó sí kí Ògbómọ̀ṣọ́ tó di ìlú. Àwa ọmọ ìlú yìí mọ iyì igi. Ẹ jẹ́ kí a mọ agbára rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹnu tí a ń là síhà ibi tí igi máa wó sí, ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú márùn-ún ìbú rẹ̀ ló yẹ kó wọ̀. Nígbà tí a bá wá gé e látẹ̀yìn, a ò gbọdọ̀ gé e já. A ní láti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín méjèèjì, kó máa ṣe bí hínjì ìlẹ̀kùn. Hínjì yẹn ló ń darí igi. Ẹni tó bá gé e já ti tú igi sílẹ̀ láìní ìdè, ibi tó bá wù ú ló máa wó sí. Èyí náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí nínú oṣù mẹ́fà, torí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọmọ fi ń ru pákó àti jálá epo.

Àwọn ìyá wa tó ń ṣẹ́gi ìdáná àti àwọn tó ń sun èédú máa ń tẹ̀ lé wa dé ìdí igi. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tó yàtọ̀ sí agégi wà ní àyíká tó tó ìlọ́po méjì gíga igi náà. Ta ló ń sọ fún ọmọ ọdún 18 pé kó dá ìyá tó tó bí i dúró, kó sọ ọ́ kó sì wọ̀ ọ́ létí? Ọ̀gá ló máa ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi tó bá wó tó kọ́ sórí igi mìíràn. A kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, a kì í sì í gé igi tó gbé e dúró. Mo mọ opó kan ní ìlú yìí tí ọkọ rẹ̀ ṣe é.

Ní ìgboro ńkọ́? Lẹ́yìn ìjì àkọ́rọ̀ òjò, gbogbo ilé tí máńgòrò bá wó lé ń wá agégi. Wáyà iná wà nínú ẹ̀ka, páànù wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé ń wòran. Àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sáré lọ, torí owó rẹ̀ yá. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ó yẹ kí ẹnìkan ti kọ́ wọn pé àwọn oníná gbọ́dọ̀ ti yọ iná, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí i.

5. Etí wa àti ọwọ́ wa.

Ẹ̀rọ yìí ń pariwo ju 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lọ. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé etí tí kò ní ààbò kò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo 100 kọjá ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́. Wákàtí mẹ́fà ni àwa fi ń gbọ́ ọ. Ọdún 26 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ọmọ-ọmọ mi bá pè mí látẹ̀yìn, mi ò gbọ́. Láàárọ̀ kùtù tí atẹ́gùn bá tutù, ìka mi méjì ń funfun, wọn ò mọ nǹkan kan títí oòrùn á fi mú, nítorí ìgbọ̀nrìrì ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi kọ́ ni ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń pariwo bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé wa.

6. Aṣọ iṣẹ́.

Ṣòkòtò kan wà fún iṣẹ́ yìí, tí wọ́n fi okùn gígùn tín-ín-rín lé ara wọn nínú rẹ̀. Bí ṣéènì bá kan án, okùn náà á tú jáde, á wé mọ́ ibi tó ń yí ṣéènì, á sì dá a dúró. Ó wọ́n fún ẹnìkan. Kò wọ́n fún ẹgbẹ́ tó bá rà á pọ̀. Ọmọ wa ń wọgbó pẹ̀lú sálúbàtà.

7. Owó wa.

A ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. A ń san owó ọdún. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń san owó ìwọlé, ó tún ń san ti ìwé ẹ̀rí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ àgbà. Mò ń béèrè pé nínú gbogbo owó yẹn, èló la fi ra ìbòrí líle kan, tàbí àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ kan? Bí ọmọ oṣù mẹ́fà bá ń san owó ìwé ẹ̀rí ju ti ọmọ ọdún méjì lọ, àwọn ará ìlú á rò pé owó náà ni a ń wá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀ nípa yín.

Ohun tí mò ń tọrọ nìyí.

Kí ẹ dá ìpinnu oṣù mẹ́fà dúró kí fírídọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ tó dé. Bó bá jẹ́ pé ọdún méjì ló gùn jù lójú yín, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́. Bí ọmọ kan bá ṣe ọdún kan ààbọ̀ tó sì mọṣẹ́, èmi á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kí ó pọ́n ṣéènì lójú àgbà mẹ́ta, kí ó wó igi kan síbi tó sọ pé ó máa wó sí, kí ó dá ẹ̀rọ dúró pẹ̀lú bíréèkì, ká tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Kí a máa yẹ ẹ̀rọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ẹ̀rọ tí kò ní bíréèkì tó ń ṣiṣẹ́ má gba tíkẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé èyí máa ká àwọn àgbà kan lára, torí ẹ̀rọ wọn ni. Ká fún wọn ní ọdún kan láti pààrọ̀, kí ẹgbẹ́ sì yá wọn lówó.

Kí ẹ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ igbó ti ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1939, ilé ìwádìí nípa igbó sì ti wà níbẹ̀ láti 1954. Ìrìn àjò ọjọ́ kan ni lọ àti bọ̀. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí a pe olùkọ́ kan láti ibẹ̀ kó wá bá wa sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ a ti pe olórin wá sí àjọ̀dún wa.

Kí gbogbo ikọ̀ tó bá ń wọgbó ní àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, kí ẹnìkan nínú wọn mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Kí ẹgbẹ́ sì yan nǹkan oṣooṣù fún ọmọ tó wà nílé yẹn, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ìwé tí a fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin lẹ wà lọ́jà yìí, orí ọmọ tuntun ló ń wọ́ lójú yín. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi. Ìyá ọ̀kan nínú wọn wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọ̀rẹ́ ọmọ òun tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù, kí ló dé tí mo ń dá ti òun dúró. Mo mú un lọ sílé ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, mo ní kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀. Kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi mọ́ láti ìgbà náà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá gbé ẹ̀rọ tèmi wá, màá gbé e kalẹ̀ níwájú tábìlì yín, màá tan án, màá ti bíréèkì rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí olóyè kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ wá pẹ̀lú.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Agégi kan láti Masífà, Ògbómọ̀ṣọ́.